Ọdún Tí Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi Ń Jò

Bí mo bá ń rántí ilé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, etí mi ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ kí ojú mi tó dé. Ilé náà kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ni àwọn ọmọ kéú ilé kejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké wáláà wọn, tí ohùn wọn á máa gòkè, tí á máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi á ti gbé agbada kaná, mọ́sà á máa dún ṣàà nínú òróró, ìgbálẹ̀ tèmi náà á máa ha ilẹ̀ àgbàlá lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a ó wá gbọ́ gbú, gbú, gbú láti inú yàrá kékeré tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Ẹ́ńjìnnì dísù bàbá mi ti jí nìyẹn. Ohùn rẹ̀ wúwo, kì í kánjú, ó sì máa ń ṣe déédéé débi pé bí ó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, àwọn aládùúgbò á máa bi ara wọn bóyá nǹkan ṣe bàbá mi. Tanke ni mò ń gbé báyìí, láàárín àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ háyà, ó sì jọ pé olúkúlùkù wọn ló ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tirẹ̀ tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lójú oòrùn. Mi ò fẹ́ràn ariwo wọn, mi ò sì ní í purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ohùn ẹ́ńjìnnì bàbá mi jí láti kékeré kò lè fi etí yẹn kan náà gbọ́ ìwọ̀nyí kó má kanra.

Sàkáríyáù ni orúkọ bàbá mi, ṣùgbọ́n Sàká ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ́ńjìnnì dísù ló ń tún ṣe: ti àwọn tó ń yan búrẹ́dì, ti àwọn ọlọ́lọ̀ ata àti èlùbọ́, ti ilé ìgbẹ̀bí kan tó wà ní ọ̀nà Ṣàngó. Àwọn tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń pè é ní Àfáà Ẹ́ńjìnnì, nítorí pé kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọwọ́, á wá ní bísímílà kó tó mú sípánà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń kí. Àgbà ló jẹ́ kó yé mi pé iyanrìn tín-ń-tín tó bá ti ara ọwọ́ bọ́ sójú ibi tí irin méjì ti fẹnu kora, ó tó láti ba iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan jẹ́. Kì í pariwo. Bí a bá ṣẹ̀ ẹ́, ó kàn máa wò wá ni, ìwò yẹn á sì dùn wá ju ẹgba lọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un sọ̀rọ̀ títí ni epo tó bá ń jò.

Á ní, "Epo kì í dédé jò, Àyọ̀ká. Ẹni tó bá ní ó dédé jò, ọ̀lẹ ni." Á wá fà mí mọ́ra, èmi àkọ́bí rẹ̀, á máa fi ìka hàn mí. "Bóòtù yìí, ẹ̀rọ ń gbọ̀n lójoojúmọ́, gbígbọ̀n yẹn ń tú u díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ẹnì kan bá sì wá bínú dè é jù, á ya ibi tó jókòó lé, ó tún di jíjò. Gáásíkẹ́ẹ̀tì yìí, ooru ti jẹ ẹ́, ṣé o rí i pó ti gbẹ bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì rẹ sómi? Síìlì yìí, rọ́bà ni, ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀ látàárọ̀ ló ń há a lẹ́nu. Ẹni tó bá tún rọ ọ́ìlì kọjá àmì, tó rò pé òun ń ṣe ẹ̀rọ lóore, òun náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ fà á." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi mọ orin òṣùpá, èmi mọ ìdí tí epo fi ń jò, mo sì máa ń gbéraga nítorí rẹ̀ débi tó fi jẹ́ pé ìyá mi máa ń bi mí bóyá ẹ́ńjìnnì ni mo máa fẹ́ lọ́kọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni bàbá mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ojú ibi tó ń jò. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ìyá Alámọ̀ la máa ń pè é, nítorí pé ìkòkò ló mọ láti kékeré títí eegun ọwọ́ rẹ̀ fi ní ó tó. Nígbà tí mo gbọ́njú, kì í mọ ìkòkò ńlá mọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í tán lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó máa ń fi àpò tútù wé e, bí ihò kan bá sì yọjú níbikíbi nínú ilé wa, ìbáà ṣe ihò eku, ìbáà ṣe ààrò tó sán, Ìyá Alámọ̀ á bu amọ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á wá fi omi ra á títí á fi dán. Láyé ìgbà tó ń ta ìkòkò, kò jẹ́ ta ọ̀kan láìdán an wò. Á nu ara ìkòkò náà gbẹ, á pọn omi kún un, á gbé e ka orí eérú kíkúnná, á sì jókòó tì í. Ibi tí eérú bá ti dúdú, ibẹ̀ ló ń jò. Bàbá mi gba ọgbọ́n yìí, ó gbé e lọ sídìí ẹ́ńjìnnì: á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á nù ún gbẹ, á fi láfún kíkúnná kùn ún funfun, á wá tan án. Ojú ibi tí epo bá ti kọ́kọ́ yọ nínú funfun yẹn, ìdí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá mi kò fara mọ́ ọn rárá. Á ní, "Ẹ́ńjìnnì inú ilé yìí ń jẹ láfún ju àwọn ọmọ mi lọ." Ìyá Alámọ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ: "Ìkòkò kì í purọ́. Ẹni tó mọ ọ́n ló ń purọ́."

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì mú. Iná ò sí, kànga gbogbo agbo ilé tó yí wa ká gbẹ dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni bóòhóòlù tó wà ní àgbàlá wa, kò sì lè fa omi láìsí ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀, bàbá mi á tan án kó tó lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́sàn-án, ìyá mi á tún tan án títí di ìrun alásàárì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe ìlà kérégbè àti bàkẹ́ẹ̀tì tó máa ń tò láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìta gbangba? Omi àlùwàlá, omi ọbẹ̀, omi ọmọ tuntun, gbogbo rẹ̀ ló ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Inú mi máa ń dùn bí mo bá jókòó sórí táńkì tí mo ń wo orí àwọn èèyàn, tí mo sì mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá kú, gbogbo orí yẹn ni yóò yí padà sí ibòmíràn, ibòmíràn ò sì sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe dá ẹ̀ṣẹ̀ wa. Gbogbo ẹ́ńjìnnì dísù ló ní ibi tó ń mí sí. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ooru àti èéfín díẹ̀ máa ń jábọ́ sínú ikùn rẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bàbá mi ti fa páìpù kékeré kan láti ikùn ẹ̀rọ gba inú ògiri jáde sẹ́yìn yàrá náà, kí èéfín má baà kún inú ibẹ̀. Ẹ̀yìn yàrá yẹn náà ni òjìji máa ń wà ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ sì ni Ìyá Alámọ̀ máa ń gbé búùtà àlùwàlá rẹ̀ sí, tó máa ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi wà níbi iṣẹ́, Ìyá Alámọ̀ kírun alásàárì tán, ó wo ara rẹ̀, ó rí àwọn ẹ̀kán dúdú lára ìborùn funfun rẹ̀. Ó ké sí mi. Ó ní, "Sùbúhánàllàhi! Àyọ̀ká, wá wo ohun tí ẹ̀rọ bàbá rẹ tu sí mi lára. Ṣé aṣọ báyìí ni kí n fi dúró níwájú Ọlọ́hun?" Ìyá mi ti pa ẹ̀rọ nígbà náà, ó ti lọ sídìí ọbẹ̀. Ìyá Alámọ̀ ní kí n wá ṣúkù àgbàdo kan wá. Mo wá a rí, mo fi àkísà wé e bí ó ṣe ní kí n wé e, mo sì fi gbogbo agbára mi kì í bọ ẹnu páìpù náà. Òun wá bu amọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó fi omi ra á. Ẹnu páìpù wá dán bí ẹnu ìkòkò tuntun. Ó ní, "Ó parí. Ẹ̀rọ tó mọ̀wàhù kì í tutọ́ sára àgbà." A rẹ́rìn-ín, èmi àti òun, a gbàgbé rẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Epo dúdú ni a kọ́kọ́ rí lábẹ́ rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó yá, ó tó àwo. Bàbá mi wò ó, ó ní síìlì iwájú ti jẹ, ó sì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Táyé ní Ṣàngó lọ mú òmíràn. Bàbá Táyé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Ìlọrin ló ti wá kọ́ṣẹ́ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, ọ̀gá kan náà ló sì kọ́ òun àti bàbá mi. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ló bá fi títún ẹ̀rọ ṣe sílẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta síìlì, gáásíkẹ́ẹ̀tì àti bóòtù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá sílé wa wá jẹ tùwó àti ọbẹ̀ lúrú Ìyá Alámọ̀. Abọ́ amọ̀ kan wà tí Ìyá Alámọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ fún un. Kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́dọ̀ jẹun nínú rẹ̀, kódà bàbá mi. Bí bàbá mi bá ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀, á bá a tó ti jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò, á ní, "Sàká, o ti bẹ̀bẹ̀ fún èmi náà?" Bàbá mi á ní, "Ìwọ gan-an ni mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ ló pọ̀."

Síìlì tuntun wọlé, ó pé ọjọ́ mẹ́ta, epo tún jò. Bàbá mi tú ẹ̀rọ palẹ̀, ó lọ mú òmíràn, ó tún jò. Láàárín gbogbo èyí, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ń ta sókè fúnra rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń ti ìsàlẹ̀ tì í. Bàbá mi, tó jẹ́ pé ó máa ń bi ohun gbogbo pé kí ló dé, kò bi èyí. Ó gé rọ́bà, ó fi so ó mọ́lẹ̀. Mo ti rò ó títí láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mo sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìlà bàkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn sì ti ń sọ ọ́ sí i létí pé orí àpáàdì kúkú ni amọ̀kòkò ti ń jẹun. Àwàdà ni wọ́n fi í ṣe, kò sì fi í ṣe àwàdà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi páálí wé síìlì méjèèjì tó tú jáde, ó mú mi lọ́wọ́, ó di Ṣàngó.

Èèyàn mẹ́ta ló ń ra nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Táyé nígbà tí a dé. Bàbá mi ò kí i. Ó da síìlì méjèèjì sórí tábìlì. Ó ní, "Irú kí lo ń kó fún mi yìí? Ayédèrú ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú ẹ̀rọ palẹ̀ nítorí ẹ."

Bàbá Táyé mú ọ̀kan, ó yí i wò. "Sàká, inú páálí tí mo ti ń mú fún ẹ látijọ́ náà ni."

"Á jẹ́ pé páálí ti yí padà. Tàbí kó jẹ́ ìwọ lo yí padà."

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ ọ bó ṣe balẹ̀, ọmọdé ni mí, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti fọ́. Méjì nínú àwọn oníbàárà yẹn rọra fi ohun tí wọ́n mú lélẹ̀, wọ́n bá ọ̀nà tiwọn lọ. Bàbá Táyé kò jà, kò búra. Ó kó àwọn síìlì náà jọ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Bàbá mi yí ẹ̀yìn padà, a sì lọ. Nínú takisí, mo wo ojú rẹ̀, mo rò pé màá rí ìbínú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ló dà bí ohun tó wà níbẹ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Táyé ò wá. Ìyá Alámọ̀ ti bu lúrú rẹ̀ sínú abọ́, ó ti dé e, ó wà lẹ́bàá ààrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí bàbá mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò sọ nǹkan kan ju pé, "Ṣé o dán an wò dáadáa?" Bàbá mi ní òun ti dán an wò. Jímọ̀ kejì, ó tún bu ún, ó tún dé e. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá mi ò lè jẹun, ó kàn ń fi ìka yí òkèlè nínú ọbẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ọkùnrin kì í mọ àárò ọ̀rẹ́. Irọ́ gbuu ni. Mo rí i lójú bàbá mi, ó ń gbẹ láàárín ilé wa.

Ó wá síìlì kẹta lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í ṣe Bàbá Táyé. Ó fi í sí i ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ó fi kẹrosíìnì fọ ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní, ó nù ún gbẹ, ó fi láfún kùn ún. Gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà bí ó ṣe ń tan án. Gbú, gbú, gbú. A ò tíì ka ọgọ́rùn-ún tí epo fi yọ. Kò yọ lójú síìlì nìkan. Ó yọ nídìí ọ̀pá ìwọn, ó yọ lábẹ́ ìdérí òkè, ó yọ níbi tí bóòtù pọ̀ sí, láfún ń dúdú níhìn-ín, ó ń dúdú lọ́hùn-ún. Bàbá mi jókòó sórí ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kó jókòó nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí síìlì ẹlòmíràn náà bá jò, kí ni síìlì Bàbá Táyé wá ṣe?

Ìyá Alámọ̀ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà yí ká bó ṣe máa ń wo ìkòkò. Ó ní, "Sàká, ìkòkò tó sán máa ń jò lójú kan. Èyí tó bá ń làágùn káàkiri, inú rẹ̀ ló ní ìjà. Afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Níbo ló ń mí sí?"

Bàbá mi ní, "Páìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, lọ́dọ̀ yín níbẹ̀."

Mo rí ojú Ìyá Alámọ̀ bó ṣe yí padà. Ó wò mí, mo wo ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ mi ló ki ṣúkù yẹn bọ̀ ọ́, mo sì mọ̀ pé ọmọdé ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bí ó bá sọ pé, "Àyọ̀ká, kí lo ṣe?", ta ló máa jiyàn? Èmi gan-an ò ní jiyàn. Mo ti ń múra láti gbà á. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ wọn ènìyàn, ìṣẹ́jú yẹn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyá Alámọ̀ ní, "Èmi ni. Èmi ni mo dí i lẹ́nu, nítorí ó ń ba aṣọ ìrun mi jẹ́. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan, iṣẹ́ tí mo rán an ló jẹ́." Ó sì jáde gba ẹ̀yìn ilé lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a bá a níbẹ̀, ó ti ń fi ìdí ọ̀bẹ lu amọ̀ náà. Èéfín ti sọ ọ́ dúdú bí ògiri, ẹni tí kò mọ̀ kò lè mọ̀ pé páìpù wà níbẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ dúró, Ìyá, kí n pa ẹ̀rọ ná," ṣùgbọ́n amọ̀ ti là. Ṣúkù náà fò jáde, fọ́ọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, epo dúdú sì bo Ìyá Alámọ̀ láti ìborùn dé bùbá. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àlùhámúdúlílàhi. Mo ti gba tèmi." Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, kò lè dúró mọ́. Bàbá mi padà wọlé, ó pa ẹ̀rọ, ó nù ún, ó tún fi láfún mìíràn kùn ún, ó tan án. A dúró tì í títí táńkì fi kún. Láfún funfun bí ó ṣe wà. Mo rò pé bàbá mi máa yọ̀. Ńṣe ló gbé ọwọ́ lérí, ó ní, "Mo ba Bàbá Táyé lórúkọ jẹ́."

Ìyá Alámọ̀ ti wẹ̀ nígbà náà, ó ti wọ aṣọ mìíràn. Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ Ṣàngó." Ó tó ọdún bíi mélòó kan tí kò ti wọ mọ́tò, nítorí ó máa ń ní òòyì ń kọ́ òun nínú rẹ̀. Bàbá mi ní kó jẹ́ kí òun nìkan lọ, òun ni òun sọ̀rọ̀. Ìyá Alámọ̀ ní, "Ìwọ lo sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fún ẹ ní ohun tó o sọ." Nínú takisí, ó di ọwọ́ mi mú, ó pajú dé, ó ń ṣe àsíkìrì, ó ń pe orúkọ Ọlọ́hun lábẹ́lẹ̀ títí a fi dé.

Èèyàn wà nínú ṣọ́ọ̀bù, bíi ti ọjọ́ yẹn. Bí Bàbá Táyé ṣe rí Ìyá Alámọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ìyá Alámọ̀ ní kó dìde. Ó ní, "Bàbá Táyé, síìlì rẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fi amọ̀ dí ẹ́ńjìnnì lẹ́nu, tí kò rí ibi tó máa mí sí, tó fi ń jò níbi gbogbo. Ọmọ mi sọ̀rọ̀ sí ẹ lójú èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ tèmi náà lójú èèyàn. Fi orí jì wá." Àgbà obìnrin tí àwọn ìmáàmù máa ń bẹ̀rẹ̀ kí, ó fẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀, Bàbá Táyé sáré dì í mú.

Bàbá mi náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá Táyé kò wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa páálí kan jáde tí wọ́n fi okùn dè mọ́ra yípo yípo. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú wa. Ó ní, "Ìyá, àwọn síìlì yẹn nìyí. Láti ọjọ́ tí Sàká ti ní wọn ò dáa, mi ò ta ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wò wọ́n, mo tún wọn wò, ojú mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí Sàká bá ní nǹkan ń jò, ó ń jò nìyẹn. Ta ni èmi tí màá fi tà á fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Bàbá mi bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ yẹn, mi ò sì rí i mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí Ọlọ́hun fi gbà á. Ó ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ayédèrú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbà á gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

Ìyá Alámọ̀ jókòó sórí àpótí. Ó ní kí n tú okùn náà. Ó ń mú àwọn síìlì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nù wọ́n, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ẹnu wọn yí ká bó ṣe máa ń tọ ẹnu ìkòkò, á sì gbé e fún mi kí n tò ó padà sórí pẹpẹ. "Èyí dáa. Èyí náà dáa." Àwọn oníbàárà dúró, wọ́n ń wò wá, kò sẹ́ni tó jáde. Nígbà tó ku ẹyọ kan, kò gbé e fún mi. Ó nà án sí bàbá mi. Bàbá mi dìde, ó gbà á, ó lọ gbé e ka orí pẹpẹ fúnra rẹ̀. Bàbá Táyé ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó yíjú sí Ìyá Alámọ̀.

Ó ní, "Ìyá, ọ̀la mà ni Jímọ̀. Ṣé abọ́ mi ò tíì fọ́?"

Ìyá Alámọ̀ ní, "Mo ti ń bu ún láti ọjọ́ yẹn. Ìwọ ni o ò wá."